Ilé Ta Ni Èyí? Ìtàn Kọ́bọ́ọ̀dù Olópòó láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó àti Sharjah



Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọbìnrin mi kékeré gun òkè ọjà ńlá Sharjah, èyí tí a ń pè ní Ọjà Búlúù nítorí àwọn táìlì tí ó wà lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni àwọn oníwúrà wà. Òkè ni àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì àti àwọn tí ń ta nǹkan àtijọ́ pàtẹ sí. Láàrin àwọn àpótí ìyàwó ti àwọn Lárúbáwá àti àwọn ìkòkò kọfí onídẹ, a rí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé kan tí ẹni tí ó ń tà á sọ pé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Ó ga jù mí lọ dáadáa. Òpó méjì tí a gbẹ́ bí òpó ilé dúró ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Àtẹ́rígbà wà lórí òpó, òrùlé onígun mẹ́ta sì wà lórí àtẹ́rígbà. Ọmọ mi wò ó títí, ó ní, “Màmí, ilé ta ni èyí?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní 12,000 dírámù ni.

Mo dákẹ́. Kì í ṣe owó náà ni ó pa mí lẹ́nu mọ́. Irú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, olópòó, olórùlé, wà nínú yàrá bàbá bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti ilé pé wọ́n fẹ́ wó ilé náà kí wọ́n tún un kọ́, àti pé káfíńtà kan fẹ́ san owó díẹ̀ fún wa kí ó kó àwọn igi àtijọ́ inú rẹ̀ kúrò.

Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ìdílé ni mo ń ṣe. Mo ti jókòó ti àwọn ọmọ bàbá kan náà tí wọ́n ń jà lórí ilẹ̀, lórí ilé, àti lórí owó bánkì. N kò tíì rí àwọn tí ó jà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jà lé lórí ni a sì máa ń kọ́kọ́ kó dànù. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wá ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ mi.

Lára ilé òrìṣà àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni irú òpó bẹ́ẹ̀ ti wá. Òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀, ó ní ara, ó ní orí, orí rẹ̀ ni a sì fi ń mọ ẹ̀yà tí ó jẹ́: ti Doric kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ti Ionic ká bí ìwo àgbò, ti Corinthian kún fún ewé. Vitruvius ará Róòmù kọ ìwé lórí ìwọ̀n wọn ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1570, Palladio ará Ítálì tún gbé ìwé tirẹ̀ jáde, ìwé yìí ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi kọ́ ilé wọn nígbà tí ó yá.

Òpó kò dúró sí ìta. Nígbà tí Christiaan Huygens ará Holland ṣe aago onípẹ́ńdúlọ̀mù ní ọdún 1656, àwọn oníṣẹ́ aago ní Lọ́ńdọ̀nù nílò àpótí gíga tí yóò bo irin wíwúwo tí ó ń fà á nísàlẹ̀. Wọ́n ṣe àpótí náà tán, wọ́n sì fi òpó kéékèèké àti òrùlé onígun mẹ́ta dé e lórí bí tẹ́ńpìlì. Ẹni tí ó bá ti rí aago gíga inú ilé àwọn àgbà Èkó yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Lẹ́yìn náà ni Thomas Chippendale, káfíńtà ọmọ Otley ní Yorkshire, tẹ ìwé rẹ̀, The Gentleman and Cabinet-Maker’s Director, jáde ní ọdún 1754. Ìwé àwòrán àga, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi àga kan ṣoṣo hàn, àwòrán ẹ̀yà òpó márààrún ni ó kọ́kọ́ tò síwájú, nítorí pé lójú rẹ̀, káfíńtà tí kò bá mọ ìwọ̀n òpó kò tíì mọ iṣẹ́.

Kí ni ènìyàn ń fi òrùlé ṣe lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí òjò kò lè pa? Ẹni tí ó bá mọ ààfin Yorùbá àtijọ́ kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní ayé àwọn baba wa, kì í ṣe ẹni gbogbo ni ó lè kọ́ kọ̀bì sí iwájú ilé rẹ̀. Ti ọba ni. Ẹni tí ó bá rí kọ̀bì láti òkèèrè ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọba ni òun ń lọ, yóò sì tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Irú iṣẹ́ yìí ni òrùlé orí kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣe fún oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù. Kò lágbára láti kọ́ ilé olópòó bí ti ìjòyè, ṣùgbọ́n ó lè ra kọ́bọ́ọ̀dù tí ó jọ ọ́, kí àlejò lè wò ó.

Igi tí wọ́n fi ṣe é ni ọ̀rọ̀ fi kan ilé tiwa. Ní ọdún 1721, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó ibodè kúrò lórí igi tí ó bá ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà wá. Láti ìgbà náà ni igi màhógánì láti Jàmáíkà, àti lẹ́yìn náà láti Hondúrásì, ti ń wọ Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà ni wọ́n wọ igbó, tí wọ́n gé e, tí wọ́n sì wọ́ ọ dé etí odò. Harewood House, ilé ńlá kan ní Yorkshire tí Chippendale ṣe àga àti tábìlì rẹ̀, tí Robert Adam sì ya ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀, owó ìdílé Lascelles ni wọ́n fi kọ́ ọ, owó yìí sì ti inú ṣúgà àti òwò ẹrú ní Barbados wá. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń sanwó láti wo inú ilé náà. Èmi náà ti ka ìwé nípa rẹ̀, mo sì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ náà dára. Èyí kò yí bí wọ́n ṣe rí owó rẹ̀ padà.

Bí òpó yìí ṣe dé Èkó tún jọni lójú ju èyí lọ. Àwọn tí a kó lẹ́rú ni wọ́n gbé e bọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba òmìnira ní Brazil bẹ̀rẹ̀ sí padà, àwọn tí a mọ̀ sí Àgùdà, iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. João Baptista da Costa ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. João Esan da Rocha, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia nígbà tí ó wà lọ́mọdé, padà wá, ó sì kọ́ Water House sí òpópó Kakawa, níbi tí ó ti gbẹ́ kànga tí ó sì ń ta omi rẹ̀. Balthazar dos Reis, ọ̀gá káfíńtà, fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1886, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ. Ọwọ́ tí ó gbẹ́ orí òpó sí iwájú ilé ni ó ń gbẹ́ ẹ sí ara bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀gànwó tiwa náà fi bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool, nítorí pé màhógánì ọ̀hún ti ń wọ́n. Bàbá mi a máa sọ pé Àgùdà kan ní Pópó Àgùdà ni ó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò sì kà á sí, nítorí pé mo rò pé ohun tí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, òyìnbó ni ó ṣe é.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò kọjá nínú ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ni Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ bẹ̀ níṣẹ́ láàrin ọdún 1910 sí 1914. Ó gbẹ́ àwọn òpó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin, ọ̀kan nínú wọn wà ní Chicago lónìí: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ. Ó tún gbẹ́ ilẹ̀kùn kan. Ní apá kan ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé rẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n gbé Captain Ambrose, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá lórí èjìká ènìyàn láti kí i. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ohun tí ó gbà dípò ilẹ̀kùn rẹ̀ ni àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan a máa sọ pé wọ́n rẹ́ ọba jẹ. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀ tán. Ní 1924, Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè; bí ọba bá fẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn, ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ kò jìnnà. Àga láti Lọ́ńdọ̀nù ni ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, láìsí ilé tí a ó fi ṣí.

Àwọn ará ibi tí mò ń gbé yìí náà ti ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo Bait Al Naboodah ní àdúgbò àtijọ́ Sharjah. Oníṣòwò péálì ni ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1845, òkúta iyùn láti inú òkun ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀ (ẹ rántí iyùn ọrùn àwọn ọba wa), síbẹ̀ àwọn òpó tí ó yí àgbàlá rẹ̀ ká jọ ti Gíríìkì àti Róòmù. Péálì ń lọ sí Bombay, igi àti àṣà tuntun ń ti ibẹ̀ bọ̀. Nígbà tí péálì àtọwọ́dá láti Japan wọ ọjà tí ọrọ̀ ajé ayé sì wó ní 1929, òwò náà kú, àwọn òpó náà kò kúrò.

Kì í ṣe pé wọn kò wó nǹkan. Ní nǹkan bí ọdún 1970, wọ́n ń wó Al Hisn, ilé olódi ọba Sharjah. Sheikh Sultan, tí ó ń kàwé ní Cairo nígbà náà, gbọ́, ó sì sáré wálé. Díẹ̀ ni ó bá lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ó gba àwọn ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ tọ́jú. Ó jọba ní 1972, ó sì tún ilé náà kọ́ ní àwọn ọdún 1990. Ní Dubai, wọ́n ti wó apá kan àdúgbò Al Fahidi ní àwọn ọdún 1980 kí ayàwòrán-ilé kan ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Rayner Otter, tó pariwo, Charles tí ó jẹ́ ọmọ ọba nígbà náà sì wá wò ó ní 1989. Èyí tí ó kù ni a ń mú àlejò lọ wò lónìí. Ní Tinúbú ní Èkó, a ní Ilojo Bar, ilé àwọn Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Ta ni ó gba ilẹ̀kùn rẹ̀ tọ́jú?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra àga oníwúrà ní Dragon Mart ní Dubai, àwọn tí a fi ń gbé ìyàwó jókòó ní òde àríyá, tí a sì ń fi kọ̀ǹténà kó wọn lọ sílé. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn dáadáa: èyí tí ó bá gún tí a sì fa ìlà sí lára, òpó Róòmù ni, bí àwọn káfíńtà Louis kẹrìndínlógún ti Faransé ṣe gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó pa ọba náà ní 1793. China ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú wọn báyìí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Èmi náà ti jókòó sínú ọ̀kan, ó tura. Ṣùgbọ́n owó tí káfíńtà fẹ́ fún wa lórí kọ́bọ́ọ̀dù bàbá àgbà kò tó ra ẹsẹ̀ kan lára àga bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ti ọjà dé, mo pe àbúrò mi. Mo ní kí ó fa kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ògiri, kí ó tan iná sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní igi pupa ni, pé ẹnì kan fi ẹ̀fun kọ nǹkan síbẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì ṣe Yorùbá, pé ó dà bí èdè àwọn Pọtogí. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n sọ fún ọkùnrin yẹn pé kí ó má wá mọ́?”

Kọ́bọ́ọ̀dù náà wà ní pálọ̀ rẹ̀ ní Àgége báyìí. Àjà ilé wọn kò ga tó, nítorí náà ó ní láti yọ òrùlé rẹ̀, ó sì gbé e sórí wọ́dúróòbù ní yàrá àwọn ọmọ. Ilé Ìsàlẹ̀ Èkó ti wó. Àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ ti lọ kí n tó rántí béèrè wọn.