Ìdánwò Àjùmọ̀ṣe Àgbáyé lórí Nanofluid

International Nanofluid Property Benchmark Exercise, tí gbogbo èèyàn ń pè ní INPBE, ni iṣẹ́ tí yunifásítì àti ibùdó ìwádìí tó lé ní 30 káàkiri àgbáyé pawọ́ pọ̀ ṣe láti mọ bí nanofluid ṣe ń gbé ooru kọjá sí gan-an. Nanofluid ni omi, òróró tàbí olómi mìíràn tí wọ́n po èérún wínníwínní mọ́, èyí tí kì í sábà fẹ̀ ju 100 nánómítà lọ. Jacopo Buongiorno ti MIT ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí àbọ̀ ìwádìí náà, tó jáde nínú Journal of Applied Physics lọ́dún 2009.

Irin ń gbé ooru kọjá ju omi lọ fíìfíì. Èyí ló mú kí S. U. S. Choi ti Argonne National Laboratory, ní Amẹ́ríkà, dábàá nanofluid lọ́dún 1995. Lọ́dún 2001, àwọn ará Argonne kéde pé bàbà tí kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fi nǹkan bí ìdá 40 kún bí ethylene glycol ṣe ń gbé ooru. Ìṣirò James Clerk Maxwell lórí bí ooru ṣe ń gba inú àdàlù kọjá, tó ti wà láti ọ̀rúndún 19, kò lè mú irú iye bẹ́ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n èsì àwọn láàbù kò bára mu: láàbù kan á rí ìyanu, èkejì ò ní rí nǹkan kan. Níbi àpérò kan ní Copper Mountain, ìpínlẹ̀ Colorado, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, àwọn onímọ̀ fẹnu kò láti yanjú awuyewuye náà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló wúni lórí jù. Inú àkópọ̀ kan náà ni wọ́n ti bu fún gbogbo láàbù, wọn ò sì sọ púpọ̀ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Wúrà nínú omi wà lára àwọn olómi tí wọ́n pín, alumina nínú òróró sì wà níbẹ̀. Àwọn kan lo wáyà tín-ín-rín tí wọ́n rì sínú olómi, tí wọ́n ran iná sí, tí wọ́n sì ń wo bó ṣe ń yára gbóná sí. Àwọn mìíràn lo ìmọ́lẹ̀. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibi tó máa ń tẹ̀ sí. Àmọ́ nígbà tí láàbù kọ̀ọ̀kan fi irinṣẹ́ kan náà wọn olómi tí kò ní èérún, tó sì fi èsì nanofluid wé tirẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín àwọn irinṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Èsì púpọ̀ jù lọ kò fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún yà kúrò ní ìpíndọ́gba. Bí èérún ṣe ń pọ̀ sí i, tó sì ń gùn sí i, ni ooru ń kọjá sí i, bí ìṣirò àtijọ́ ṣe wí; wọn ò rí ìyanu kankan. Ìyẹn kò fi dandan sọ pé irọ́ ni èsì ọdún 2001, nítorí olómi Argonne gan-an kọ́ ni wọ́n dán wò. Àwọn kan gbà pé ó ṣeé ṣe kí èérún tó so pọ̀ mọ́ra wọn ló fà á. Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí bí èérún ṣe ń ta kiri nínú olómi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì INPBE kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

INPBE tún wọn bí àwọn olómi náà ṣe ki tó; àbọ̀ ìyẹn jáde nínú Applied Rheology lọ́dún 2010.