Ẹsẹ̀ Kan, Orúkọ Mẹ́ta: Ìtàn Chip ESP8266

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń sọ ẹsẹ̀ chip lórúkọ kì í sábà wo ilé kankan, ẹni tó ń ya àwòrán pánẹ́ẹ̀lì ni ó sì ń jẹ ìyà rẹ̀. ESP8266 ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀rọ̀ èdè ni ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Espressif ní Shanghai ló ṣe microcontroller yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni àwọn aṣẹ̀rọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí Ai-Thinker gbé e lé, ESP-01: ẹsẹ̀ mẹ́jọ, Wi-Fi nínú rẹ̀, ní nǹkan bíi dọ́là 5 péré. Àmọ́ èdè Ṣáínà ni a fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé àlàyé rẹ̀. Ta ni yóò ju irú ọjà bẹ́ẹ̀ nù? Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń túmọ̀ ìwé náà díẹ̀díẹ̀.

Ìtumọ̀ nìkan kò tó. Lára ESP-01, ẹsẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ CH_PD. PD ń tọ́ka sí pípa chip, bẹ́ẹ̀ sì ni àfi kí a so ẹsẹ̀ náà mọ́ fóltì 3.3 kí chip tó lè jí! Nínú ìwé Espressif fúnra rẹ̀, CHIP_PU ni a pè é, PU tó ń tọ́ka sí títàn. Nígbà tó yá, ó di CHIP_EN. Ẹsẹ̀ kan náà ni o.

Àṣà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni láti fa ìlà sí orí orúkọ ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí fóltì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Bí ìlà bá wà lórí CH_PD, òótọ́ ni orúkọ náà ì bá jẹ́. RST tó wà nítòsí rẹ̀ náà kò ní ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá tí kò lámì ohùn mọ irú ìyọnu yìí: igba, igbá, ìgbà. Ṣùgbọ́n àwa ní gbólóhùn tí ń gbà wá sílẹ̀. Kò sí gbólóhùn lára ẹsẹ̀ chip.

Bí mo bá ka igba sí igbá, mo lè padà kà á. Ẹni tó fi CH_PD sílẹ̀ láìsopọ̀ nínú àwòrán, tí wọ́n sì ti bá a tẹ ọgọ́rùn-ún pánẹ́ẹ̀lì, wáyà ni yóò máa fi òjé lẹ̀ mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.