Ogúnjọ́ Oṣù Kẹwàá ní Lẹ́kí: Ọjọ́ Tí Fóònù Di Ẹlẹ́rìí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn níbi ìwọ́de #EndSARS ní Lẹ́kí l'Ékòó, bọ́ sí. Ìwọ́de tí aráàlú fúnra wọn fi fóònù ká sílẹ̀ tó ti ọjọ́ yẹn kò wọ́pọ̀ nínú ìtàn Nàìjíríà. Òun ló jẹ́ ká lè to wákàtí ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ lónìí, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Mo tò ó síbí nítorí pé ohun tí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní kò ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ti ká a sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sẹ́ ẹ. Bí ẹ̀rí bá ti wà nílẹ̀, alágbára lè fa ọ̀rọ̀ gùn, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́.

Kí ọjọ́ náà tó dé

Ọdún 1992 ni wọ́n dá SARS sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí yóò máa gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́ wọn ni wọ́n ń dá dúró lójú títì. Kí ọmọkùnrin ní dàda lórí, kó gbé kọ̀ǹpútà sápò, kó sì di fóònù olówó ńlá mú, ó ti tó kí wọ́n pè é ní ọmọ Yahoo, ìyẹn oníjìbìtì orí ayélujára. Wọ́n á tú inú fóònù rẹ̀ wò, wọ́n á wọ́ ọ lọ sídìí ẹ̀rọ ATM kó lọ gba owó tí yóò fi ra ara rẹ̀ padà. Amnesty International ṣe àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ 82 tó jẹ mọ́ ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn láìbófinmu láàárín oṣù Kìíní ọdún 2017 sí oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí ìjọba ti kéde pé àwọn máa tún SARS tò.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fídíò kan nípa ìwà àwọn ọmọ SARS láti Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta gba orí ayélujára kan. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹjọ, ìwọ́de ti gbérasọ l'Ékòó. Lọ́jọ́ kọkànlá, Mohammed Adamu tó jẹ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ó kéde ẹ̀ka tuntun tí wọ́n pè ní SWAT. Àwọn ọ̀dọ́ ní orúkọ lásán ni wọ́n pààrọ̀, wọn ò sì kúrò lójú títì.

Kò sí olórí kan tí ìjọba lè pè sí kọ̀rọ̀ kó bá a dúnàá-dúrà. Orí Twitter ni wọ́n ti ń pe ara wọn jáde lábẹ́ àmì #EndSARS, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé ohun márùn-ún tí wọ́n ń béèrè sí: kí wọ́n tú àwọn olùwọ́de tí wọ́n mú sílẹ̀, kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn tí ọlọ́pàá pa, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún ẹbí wọn, kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olómìnira kalẹ̀ láti ṣèwádìí, kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ SARS wò kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbòmíràn, kí wọ́n sì fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Ẹ wo ìkarùn-ún yẹn dáadáa. Àwọn tí ọlọ́pàá ń fìyà jẹ ló ń bá ọlọ́pàá béèrè owó oṣù tó tó jẹun.

Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn gan-an, ló ń gba owó ìrànwọ́ fún ìwọ́de náà. Nígbà tí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba náírà dí, wọ́n bọ́ sórí Bitcoin. Owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù 147 náírà. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ìṣirò jáde ní gbangba: iye tó wọlé, iye tó bá oúnjẹ àti omi lọ, iye tí wọ́n san nílé ìwòsàn, iye tó lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò tó ń gba àwọn ọmọ jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá. Irú ìṣirò tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba, àwọn náà kọ́kọ́ ṣe é fún aráàlú.

Òwúrọ̀

Lekki Toll Gate, ibi tí wọ́n ti ń gbowó ojú ọ̀nà, ti di ojúkò ìwọ́de l'Ékòó. Àwọn ọ̀dọ́ ń sùn síbẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ ibẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ṣe ìsìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń bàjẹ́ níbòmíràn. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Benin, ìjọba ìpínlẹ̀ Edo sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, iná sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá Oríilé-Ìgànmú l'Ékòó. Àwọn jàǹdùkú ti ráyè wọ àárín ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń ṣe kòkáárí ìwọ́de ń ké lórí ayélujára pé ọwọ́ àwọn ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan náà ni Gómìnà Babajide Sanwo-Olu gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí ẹlẹ́ni mẹ́jọ kalẹ̀ lórí ìwà àwọn ọmọ SARS. Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi ló fi ṣe alága. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹjọ́ tó máa gbórúkọ ìgbìmọ̀ yìí káyé máa ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó parí.

Nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán

Gómìnà kéde lórí Twitter pé òfin kónílé-ó-gbélé oníwákàtí mẹ́rìnlélógún yóò bẹ̀rẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ Èkó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní àwọn ọ̀daràn ti fara pamọ́ sábẹ́ ìwọ́de láti máa da ìlú rú. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ní Victoria Island lọ́sàn-án kò lè fọkàn balẹ̀ pé òun máa dé Ìkòròdú tàbí Agége kó tó di aago mẹ́rin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí kan náà ni àwọn èèyàn tún rí àwọn kan tí wọ́n ń tú ẹ̀rọ kúrò lára Toll Gate. Wọ́n yà á, wọ́n sì gbé e sórí ayélujára lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gómìnà ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ni, kì í ṣe kámẹ́rà tó ń ṣọ́ àyíká.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti so gbogbo Èkó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba sún òfin náà síwájú di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aago mẹ́sàn-án yẹn sọ́kàn.

Ní Lẹ́kí, àwọn kan ti lọ sílé. Àwọn tó kù fi ààké kọ́rí. Ọ̀rọ̀ kan ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn: ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ di àsíá mú, ẹ kọ orin orílẹ̀-èdè, ṣọ́jà kò ní yìnbọn lu ẹni tó di àsíá Nàìjíríà mú. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n jókòó sórí títì, wọ́n ń fì àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun.

6:29 ìrọ̀lẹ́

Níbí ni àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ti ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Amnesty International to àwọn fídíò tó jáde lọ́jọ́ náà pa pọ̀, wọ́n sì rí i pé aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni àwọn ọkọ̀ ológun jáde ní bárékè Bonny Camp ní Victoria Island. Ìrìn ọkọ̀ nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni ibẹ̀ sí Toll Gate. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ló ya ọkọ̀ wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń kọjá. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí àwọn ń yà yóò di ẹ̀rí.

Nǹkan bí 6:45

Àwọn ọmọ ogun dé. Aago mẹ́sàn-án ṣì ku wákàtí méjì ó lé. Àwọn olùwọ́de wà ní ìjókòó, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Iná àgbègbè náà ti kú, fóònù àwọn ọ̀dọ́ ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ yà fún mi. Àwọn kan sá, àwọn kan dọ̀bálẹ̀, àwọn kan ṣì di àsíá mú.

Láti aago méje sí aago mẹ́jọ

Obianuju Catherine Udeh, tí gbogbo ayé mọ̀ sí DJ Switch, tan fóònù rẹ̀ sórí Instagram kí gbogbo ayé lè máa wò ó bó ṣe ń lọ. Ìròyìn fi yé wa pé iye àwọn tó ń wò ó tó 150,000 nígbà tó pọ̀ jù. Nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n rí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán gbìyànjú láti yọ ọta ìbọn náà. Kò sí dókítà, kò sí iná. DJ Switch ń fi kòròfo ọta ìbọn han kámẹ́rà, ó ń sọ ohun tó ń rí. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn rí i, ẹni tó wà ní Peckham rí i, ẹni tó wà ní Houston rí i, ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, àwòrán kámẹ́rà iléeṣẹ́ tó ń bójú tó Toll Gate dáwọ́ dúró. Ohun tí àwọn aṣojú iléeṣẹ́ náà fi yé ìgbìmọ̀ ìwádìí lẹ́yìn náà nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, fóònù aráàlú nìkan ló kù.

Òru

Ojú ìwé Twitter àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn Lẹ́kí jáde tí wọ́n ti fi àwọ̀ pupa tẹ ìròyìn èké lé lórí. Ní òru kan náà, Hillary Clinton ń sọ fún Ààrẹ Buhari lórí Twitter pé kó dá ìpànìyàn náà dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń tú jáde.

Gómìnà lọ káàkiri àwọn ilé ìwòsàn lóru láti wo àwọn tó fara pa. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò kú. Kò pẹ́ tó fi sọ pé ẹnì kan ti kú. Ní ọjọ́ kejìlélógún, Ààrẹ Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ Lẹ́kí.

Ohun tí wákàtí wọ̀nyẹn bí

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ àwọn ológun ṣe ń yí padà bí ẹ̀rí ṣe ń jáde. Lákọ̀ọ́kọ́, ìròyìn èké ni. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbà pé àwọn lọ, pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló pe àwọn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Ọ̀gágun Ahmed Taiwo sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé àwọn ọmọ ogun náà gbé ọta tòótọ́ dání pẹ̀lú ọta tí kì í pani. Ìwádìí CNN ti ṣàyẹ̀wò àwọn fídíò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, wọ́n sì ti tọpasẹ̀ kòròfo ọta dé Serbia.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ náà jábọ̀. Orúkọ 48 ló wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀: 11 tí wọ́n ní ó kú, mẹ́rin tí wọn ò rí mọ́ tí wọ́n kà sí òkú, àwọn tó kù sì fara pa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé tirẹ̀ jáde lópin oṣù náà, ó sì tako ohun tí ìgbìmọ̀ sọ nípa iye àwọn tó kú. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ lórí ẹjọ́ tí DJ Switch àti àwọn obìnrin méjì mìíràn pè. Ilé ẹjọ́ kò gba apá tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ó ní Nàìjíríà tẹ àwọn ẹ̀tọ́ wọn mìíràn lójú, títí kan ẹ̀tọ́ láti kóra jọ àti láti sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ìjọba ṣèwádìí, kó sì pe àwọn tó bá jẹ̀bi lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ tó kù fún wa

Fídíò nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí. Fídíò tí a mọ ibi tí wọ́n ti yà á àti àkókò tí wọ́n yà á ló ṣe é. Àwọn olùwádìí ń wo pátákó ìpolówó, wọ́n ń wo òrùlé, wọ́n ń wo aago inú fóònù, wọ́n sì ń fi fídíò kan gbe èkejì lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, tàbí bí ọlọ́pàá bá dá aládùúgbò rẹ dúró lọ́nà àìtọ́, tàbí bí wọ́n bá ń ka ìbò ní wọ́ọ̀dù rẹ, jẹ́ kí ohun tó máa fi ibi tí o wà hàn wọnú àwòrán. Fi ẹnu sọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ àdúgbò. Má gé e, má kọ nǹkan lé e. Tọ́jú ojúlówó rẹ̀ sínú fóònù rẹ, torí pé àkókò àti ibi tí wọ́n ya nǹkan máa ń bọ́ dànù tó bá ti gba orí WhatsApp kọjá. Fún ẹni tó ṣeé fọkàn tán ní ẹ̀dà kan. Bí o bá ya ẹni tó fara pa tàbí ẹni tí wọ́n lè wá mú, bo ojú rẹ̀ nínú ẹ̀dà tó máa dé gbangba.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Ilé ẹjọ́ ti ní kí ìjọba ṣèwádìí. Aṣojú-ṣòfin kọ̀ọ̀kan tó ń gbowó oṣù lórúkọ wa ní ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ojú ìwé lórí ayélujára. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n níbẹ̀ pé ibo ni ìwádìí náà dé dúró, kí a gbé ìdáhùn wọn síta, kí a sì tún padà lọ bi wọ́n lóṣù tó tẹ̀ lé e, títí wọn yóò fi dáhùn.