Síkánà Àtijọ́ Kò Dití: Ìtàn Bí Ìkànnì Rédíò Ṣe Di Tóóró ní Amẹ́ríkà

Ọmọ kíláàsì mi kan ló fa ìtàn tòní.

PCT ni mò ń kọ́ wọn. Ọmọ náà gbé ẹ̀rọ dúdú kan wá, tí bàbá rẹ̀ rà nínú ẹrù àlòkù tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Síkánà ni, ìyẹn rédíò tó máa ń yí láti ìkànnì kan sí òmíràn fúnra rẹ̀, tó sì ń dúró níbi tó bá ti gbọ́ ohùn. Ẹni tí wọ́n gbé e fún láti tún ṣe ní kí wọ́n jù ú nù, pé òfin Amẹ́ríkà ti sọ irú rẹ̀ di adití láti ọdún 2013. Ọmọ náà bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni?"

Mo sọ fún un pé òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti dàpọ̀ mọ́ irọ́. Ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ń wọlé, kò lè jáde. Ọlọ́pàá tó wà nínú ọkọ̀ á gbọ́, àmọ́ tó bá fẹ́ fèsì, àfi kó lọ wá tẹlifóònù. Ní 1933, àwọn ọlọ́pàá Bayonne ní New Jersey ní rédíò tí tọ̀tún tòsì lè fi sọ̀rọ̀. Ọdún yẹn náà ni Edwin Armstrong gba ìwé àṣẹ lórí FM, ọgbọ́n tí kò jẹ́ kí ariwo máa bo ohùn mọ́lẹ̀. Nígbà tó di 1940, Daniel Noble fi FM ṣe rédíò fún àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Connecticut, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé wọn.

Nínú FM, ohùn ló ń ti ìgbì sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí ìgbì bá ṣe ń jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ tó ni ìkànnì ṣe ń gba àyè tó. Àwọn rédíò FM àkọ́kọ́ yẹn ń rìn 15 kHz sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí wàhálà nígbà tí àwọn tó ń lò ó kò pọ̀. Àmọ́ àwọn panápaná dé, ọkọ̀ aláìsàn dé, takisí dé, àwọn iléeṣẹ́ náà dé. Ilẹ̀ bàbá kì í pọ̀ sí i, àwọn ọmọ ló ń pọ̀. Bí a ti ń ṣe ní abúlé ni wọ́n ṣe: wọ́n pín ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Láti 15 kHz, wọ́n bọ́ sí 5 kHz.

Ìyẹn náà kò tó. Ní 1995, FCC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, gbé ètò tuntun jáde. Wọ́n sún ọjọ́ síwájú títí ó fi di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọlọ́pàá, panápaná àti iléeṣẹ́ tó wà láàárín 150 sí 174 MHz ní VHF, àti 421 sí 470 MHz ní UHF, gbọ́dọ̀ fi ìkànnì 25 kHz sílẹ̀, kí wọ́n má kọjá 12,5 kHz. Ìgbì tó ń rìn 5 kHz sí ẹ̀gbẹ́ wá ń rìn 2,5 kHz péré.

Ǹjẹ́ síkánà àtijọ́ lè gbọ́ ìkànnì tóóró yìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan mẹ́ta ló yí padà.

Èkíní ni ohùn. Síkánà náà ń retí 5 kHz, 2,5 ló ń rí. Ohùn á lọ sílẹ̀, bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Ẹ yí bọ́tìnnì ohùn sókè, ó parí.

Èkejì ni nọ́ńbà. Wọ́n fi àwọn ìkànnì tuntun sáàárín ti àtijọ́. Bí àpẹẹrẹ, láàárín 155,745 àti 155,760 MHz, 155,7525 wà níbẹ̀ báyìí. Síkánà tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5 kHz kò lè dúró lé nọ́ńbà yẹn gan-an. 155,750 tàbí 155,755 ló máa dúró lé. Ó fi 2,5 kHz tàsé, àmọ́ etí rẹ̀ fẹ̀ tó láti gbọ́ ọ, bí ohùn tilẹ̀ há díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni aládùúgbò. Etí tó fẹ̀ yẹn náà lè máa kó ohùn ìkànnì ẹ̀gbẹ́ mọ́ èyí tí à ń gbọ́. Àwọn síkánà tuntun ní ètò NFM tó ń yanjú rẹ̀.

Kí ló wá sọ ọ̀pọ̀ síkánà di adití? Òfin 2013 kọ́ o. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí wọ́n ti ń ra rédíò tuntun nítorí òfin náà, ọ̀pọ̀ kúkú ra ti díjítà, irú P25 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí láti 1989. Òfin kò fi dandan lé e. Síkánà àtijọ́ tó bá dé orí díjítà, ariwo bíi ti ẹ̀rọ ìlọta ló máa gbọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tún fi kọ́kọ́rọ́ ti ohùn wọn pa. Ìyẹn, síkánà tuntun pàápàá kò lè ṣí i.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ náà ti dùn mí. Ní 1938, ayàwòrán kan ní New York tí wọ́n ń pè ní Weegee gba àṣẹ láti gbé rédíò ọlọ́pàá sínú ọkọ̀ rẹ̀. Òun ló fi ń tètè dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀, tí ará ìlú sì ń rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Láti ìgbà náà ni àwọn oníròyìn ti ń tẹ́tí sí rédíò ọlọ́pàá. Denver ti ilẹ̀kùn yẹn ní 2019. Ní 2023, àwọn ọlọ́pàá New York náà bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Wọ́n ní kí ọ̀daràn má baà gbọ́, kí àṣírí aláìsàn má sì tú. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ìjọba tó bá fẹ́ kí inú ará ìlú má bàjẹ́ lè di etí wọn. Kò ní kí ohun tó burú má ṣẹlẹ̀.

A dán síkánà ọmọ náà wò ní kíláàsì. A yá tọkí-wọkí kékeré méjì tí ìbátan ẹnìkan mú bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, 446 MHz, ìkànnì 12,5 kHz. Ọmọ kan jáde sí abẹ́ igi máńgòrò, ó kí wa. Síkánà dúró, ó sì gbọ́ ọ. Ohùn náà kéré. A yí bọ́tìnnì, gbogbo kíláàsì gbọ́. Bàbá ọmọ náà kò jù ú nù mọ́.

Ẹ má gbàgbé pé òfin ohun tí ènìyàn lè fetí sí yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ béèrè kí ẹ tó tan tiyín. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé òfin ti pa ẹ̀rọ kan, ẹ bi í pé òfin wo, kí ni ó sì yí padà gan-an?

Ẹ̀yin tí rédíò bàbá yín ṣì wà nílé, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ sísàlẹ̀ fún wa.