Iye Hash: Ìtẹ̀ka Fáìlì Lórí Kọ̀ǹpútà

Iye hash ni àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò jáde láti inú fáìlì kan. Bí ìtẹ̀ka ti jẹ́ sí ènìyàn ni iye hash jẹ́ sí fáìlì. Yálà ojú ìwé kan ṣoṣo ni fáìlì náà tàbí odidi sinimá, ìlànà ìṣírò tí a ń pè ní SHA-256 yóò mú àmì 64 jáde, kò ní lé, kò sì ní dín.

Fáìlì tí a kò fọwọ́ kàn yóò máa mú iye kan náà jáde níbikíbi. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ẹyọ òdo kan ṣoṣo kún owó inú ìwé àdéhùn, iye tuntun kò ní jọ ti àtẹ̀yìnwá rárá. Bákan náà, a kì í ti ara iye hash ka ohun tí ó wà nínú fáìlì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń tọ́jú iye hash ọ̀rọ̀ aṣínà dípò ọ̀rọ̀ náà gan-an. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà bí 123456 ṣì léwu, nítorí olè lè ṣírò iye tirẹ̀ kí ó sì fi wọ́n wéra.

Bí ẹ bá gba fáìlì lórí ayélujára tí ẹni tí ó ni ín sì kọ iye hash rẹ̀ síta, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ṣí i. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, àti SHA256. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ pa fáìlì náà rẹ́.

Àwọn ìlànà àtijọ́ kò ṣeé gbára lé mọ́. Ní 2004, Xiaoyun Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun méjì tí ó yàtọ̀ lè ní iye MD5 kan náà. Ní 2017, Google àti ilé ìwádìí CWI ní Amsterdam ṣe irú rẹ̀ fún SHA-1.

Ẹ kíyè sí i pé iye hash kò sọ ẹni tí ó kọ fáìlì, kò sì jẹ́rìí pé òótọ́ ni ohun inú rẹ̀. Oníjìbìtì tí ó yí fáìlì padà lè kọ iye tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjèèjì yóò sì bára mu. Nítorí náà, ìkànnì ẹni tí ó ni fáìlì gan-an ni kí ẹ ti wo iye hash, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ó fi fáìlì ránṣẹ́ sí yín.