Fítámì D fún àwọn arúgbó tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ní Adó-Èkìtì àti àárín gbùngbùn Èkìtì

Fítámì D ni èròjà tí ara fi ń fa kálísíọ́ọ̀mù inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, kí eegun lè le, kí iṣan sì lókun. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ti inú oúnjẹ wá. Awọ ara ló ń ṣe é nígbà tí oòrùn bá kàn án. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé kò lè wọ́n ẹnikẹ́ni ní Èkìtì, níbi tí oòrùn ti ń ràn yípo ọdún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ tó ń kọbè ní Ìyìn tàbí ìyálọ́jà tó ń pàtẹ ní Ọjà Ọba ní Adó. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún màmá ẹni ọdún 85 tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti dè é mọ́lẹ̀. Irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíì ń bọ́, tí ẹlòmíì ń wẹ̀, ni hóró fítámì D wà fún jù lọ, ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn ló sì wà bóyá wọ́n á lò ó tàbí wọn ò ní lò ó.

Oòrùn àti awọ àgbà

Adó-Èkìtì wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ìtànṣán UVB tí awọ ń lò fún iṣẹ́ yìí kì í wọ́n níbẹ̀ nígbà kankan. Awọ á ṣe èròjà náà, ẹ̀dọ̀ á tún un ṣe, kíndìnrín á wá parí rẹ̀ kó tó di ohun tí ara lè lò. Pé oòrùn ilẹ̀ wa ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa kì í ṣe àròsọ: nígbà tí àwọn olùwádìí fi ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Ìbàdàn wé ti àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń gbé nítòsí Chicago, fítámì D inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn pọ̀ ju tiwọn lọ gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ara wọn ṣì le, tí wọ́n ń jáde tí wọ́n ń wọlé, ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀tọ̀ ni ti arúgbó.

Ní 1985, MacLaughlin àti Holick ní Amẹ́ríkà fi hàn pé awọ ẹni tó sún mọ́ ọdún 80 kì í ṣe tó ìdajì ohun tí awọ ọmọdé ń ṣe lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà. Dúdú awọ wa tún ń gba lára ìtànṣán náà sílẹ̀, ó sì ń béèrè pé kéèyàn pẹ́ díẹ̀ sí i nínú oòrùn. Ẹ wá fi ìró, bùbá, gèlè àti ṣọ́ọ̀lù kún un, ó di ojú àti ọwọ́ nìkan tí oòrùn ń rí. Ní àkókò ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ ń dín agbára ìtànṣán kù. Gíláàsì fèrèsé sì ń dá UVB dúró pátápátá, débi pé bàbá tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé lè máa làágùn nínú oòrùn kí awọ rẹ̀ má sì rí nǹkan kan ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn olùtọ́jú ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé àwọn ti gbé e sí oòrùn.

Ohun tí àìtó rẹ̀ ń ṣe máa ń hàn lẹ́sẹ̀ àti ìbàdí. Arúgbó tí fítámì yìí kò tó lára rẹ̀ kì í lè dìde lórí àpótí láìfi ọwọ́ méjèèjì ti itan. Àtẹ̀gùn á di ogun, ìrìn rẹ̀ á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Òun á sọ pé gbogbo ara ń ro òun, àwọn ará ilé á ní làkúrègbé ni, tàbí pé ọjọ́ orí ló dé. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ làkúrègbé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ibi tí àwọn arúgbó wà

Ilé ìtọ́jú arúgbó, irú ti Regina Mundi tí ìjọ Kátólíìkì ní ní Mushin l'Ékòó, kò wọ́pọ̀ ní Èkìtì. Ilé ẹbí ni ilé ìtọ́jú. Ọmọ tó kù nílé, ìyàwó ọmọ, ọmọ-ọmọ, tàbí obìnrin kan tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń sanwó fún ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ibòmíràn tún wà tí a kì í sábà kà mọ́ ọn: ilé àdúrà, wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, àti ilé àwọn tó ń to eegun, níbi tí arúgbó tó ṣẹ́ egungun lè dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní ti ilé ìwòsàn, agbègbè yìí kò pòfo. EKSUTH, ìyẹn ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà ní Adó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Fún ìtọ́jú tó jẹ́ ti arúgbó nìkan, èyí tí orúkọ rẹ̀ hàn jù ni Ibùdó Chief Tony Anenih ní UCH Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2012. Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ti ṣe ohun kan tó yẹ ká rántí níhìn-ín: ní 2011, ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn tó ti pé ọdún 65 tí wọn kò ní owó mìíràn tó ń wọlé. Láti ṣe é, wọ́n ní láti kọ orúkọ àwọn arúgbó sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀nà tí owó lè gbà dé ọwọ́ arúgbó ní Igede tàbí ní Àrámọkọ, hóró fítámì D lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí ìwádìí sọ

Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2003 lórí àwọn arúgbó 2,152 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkìtì nínú wọn, fi hàn pé ó ju ẹnì kan nínú márùn-ún tó ti ṣubú láàárín ọdún kan. Ìṣubú yìí ló ń ṣẹ́ eegun ìbàdí, eegun ìbàdí tó ṣẹ́ ló sì ń sọ ẹni tó ń rìn di ẹni tí wọ́n ń gbé.

Ní ti pé fítámì D lè dín ìṣẹ́ eegun yìí kù, ilẹ̀ Faransé ni ẹ̀rí tó lágbára jù ti wá. Ní 1992, Chapuy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ lórí àwọn obìnrin 3,270 tó ń gbé ní ilé àwọn arúgbó, tí ọjọ́ orí wọn tó 84 ní ìpíndọ́gba. Wọ́n fún apá kan ní 800 IU fítámì D pẹ̀lú gíráàmù 1.2 kálísíọ́ọ̀mù lójoojúmọ́, wọ́n sì fún apá kejì ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn oṣù 18, ìṣẹ́ eegun ìbàdí fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó gba ojúlówó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn ará Amẹ́ríkà tí ara wọn le ní 2,000 IU lójoojúmọ́ nínú ìwádìí VITAL, tí àwọn 25,871 kópa nínú rẹ̀, àbọ̀ tó jáde ní 2022 ni pé ìṣẹ́ eegun kò dín kù. Ìyàtọ̀ wọn yé mi: ẹni tó ní ànító kò nílò àfikún, ẹni tó wà nínú yàrá ló nílò rẹ̀. Kò sídìí fún ilé iṣẹ́ oògùn láti tà á fún gbogbo Adó.

Ìwọ̀n

Fún ẹni tó ti lé ní 70, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà dá 800 IU lójúmọ́, ìyẹn máíkírógíráàmù 20, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kéèyàn má ṣe kọjá 4,000 láìsí àṣẹ dókítà. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Endocrine Society dámọ̀ràn pé kí àwọn tó ti pé 75 máa lò ó, láìsí pé a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹbí tí owó àyẹ̀wò ì bá dá dúró.

Púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò dáa. Ní Ọsirélíà, wọ́n fún àwọn obìnrin tó ti pé 70 ní 500,000 IU lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àbọ̀ ìwádìí náà ní 2010 ni pé wọ́n ṣubú, wọ́n sì ṣẹ́ eegun ju àwọn tó gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Kápúsù 50,000 IU tí dókítà máa ń kọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fọwọ́ kàn án.

Kálísíọ́ọ̀mù

Fítámì D nìkan kò tó. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn ní 1996 pé àìtó kálísíọ́ọ̀mù ló wà nídìí ẹsẹ̀ wíwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ní Jos, Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 1999 pé àwọn ọmọ tó gba kálísíọ́ọ̀mù ṣe dáadáa ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Ọmọdé ni wọ́n, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni ìyá àgbà ti ń jẹun. Iyán kò ní fítámì D, kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì pọ̀. Títù, ṣàwá, sàdíìnì àti pupa ẹyin ló ní fítámì náà, olú tí a sá sóòrùn sì ní díẹ̀. Wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a rún teegunteegun ló ní kálísíọ́ọ̀mù.

Bí a ṣe lè mú kí wọ́n lò ó

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é tipẹ́. Láti 2016 ni wọ́n ti ń gba àwọn tó wà nílé ìtọ́jú àti àwọn tí awọ wọn dúdú níyànjú láti máa lo máíkírógíráàmù 10 yípo ọdún. Ní òtútù 2020 sí 2021, ìjọba fi hóró oṣù mẹ́rin ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn ilé ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń ṣe iṣẹ́ kẹ́à níbẹ̀ báyìí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fún arúgbó ní hóró rẹ̀, tí wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé pé ó ti gbé e mì.

Irú ìwé yẹn ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ìgò hóró. Ìwé kékeré olójú ewé kan, tí a so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹni tó bá fún màmá ní hóró lẹ́yìn oúnjẹ á fa ìlà sí. Lẹ́yìn oúnjẹ tó ní epo ló dára jù, torí inú epo ni fítámì yìí ti ń yòrò. Nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́ta bá fi ìgò mẹ́ta ránṣẹ́ láti ìlú mẹ́ta, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára gbogbo wọn: fítámì D lè wà nínú epo ẹja, nínú hóró kálísíọ́ọ̀mù àti nínú àpapọ̀ fítámì, kí wọ́n sì ti kọjá ìwọ̀n láìmọ̀. Èyí tí a rà ní kẹ́mísìtì, kí a wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀.

Arúgbó tó ti ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà mì kì í fẹ́ gbọ́ nípa òmíràn. Kí ẹni tó ń rọ̀ ọ́ má ṣèlérí pé orúnkún yóò sàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá sàn, yóò jù ú nù. Kó sọ òtítọ́: “Màmá, kí ẹ má baà ṣubú, kí eegun yín lè le ni.” Nọ́ọ̀sì tó ń dá arúgbó sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lè sọ ọ́, ìyáàfin pásítọ̀ àti ìyàwó lémọ́ọ̀mù náà lè sọ ọ́. Kí wọ́n má sì gbàgbé àwọn tó ń to eegun, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ arúgbó tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ lọ, inú yàrá wọn ló sì ti ń lo ọ̀sẹ̀ tí oòrùn kì í kàn án rárá.