Ìbátan Tó Mọ Ìgbà Tí Yóò Jáwọ́

"A kì í bá ni tan ká fani nítan ya." Ọ̀pọ̀ wa ti fi òwe yìí dá mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ́kun. Adùn rẹ̀ wà nínú eré tó fi ọ̀rọ̀ ṣe. Inú "bá ni tan" ni a ti rí "ìbátan". "Itan" sì ni ẹran ara òkè orúnkún. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á gbé méjèèjì ko ara wọn, bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ìfẹ́ àti ìpalára ń gbà wọlé.

Ìdajì àkọ́kọ́ ni a kì í sábà yẹ̀ wò. Òwe náà kò ní kí a má bá ni tan, kò sì ní kí a jìnnà síra wa. Ó gbà pé a óò fa ara wa, kí ó ṣáà má di yíya. Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Komu ni èyí ti yé mi jù lọ, níbi tí rípíàrà kan ti tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, tó ń tú ẹ́ńjìnnì Honda àtijọ́ lé e lórí.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ni Komu wà, ní Òkè-Ògùn. (Odò Ògùn ló ni orúkọ yẹn o, kì í ṣe Ògún alágbẹ̀dẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn rípíàrà, ẹni tó bá ṣì í pè kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi.) Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, oko jìn, alùpùpù ló ń gbé iṣu àti pákí dé ọjà. Bajaj láti India ló kún ojú pópó báyìí, àti àwọn tí wọ́n ṣe ní China ní àfarawé Honda CG125 ti ọdún 1976. Ṣùgbọ́n CB175 onísílíńdà méjì ni ti abẹ́ igi yìí, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n ti ń gun irú rẹ̀ kí Honda tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Baba tó ni ín dàgbà jù ú lọ dáadáa. Alùpùpù náà ní kíìkì, ó sì ní sítátà oníbọ́tìnnì. Kíìkì ṣì ń ṣiṣẹ́, orúnkún baba ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí ó bá wá tẹ bọ́tìnnì, sítátà á ké fìì, ẹ́ńjìnnì ò ní mira.

Ẹni tó bá ti báni ti ọkọ̀ rí yóò tètè mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn èèyàn á gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣíná, wọ́n á máa tì í, wọ́n á máa pariwo. Gẹ́rẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá jí, ọkọ̀ á já síwájú, kálukú á sì jáwọ́. Ẹni tí kò bá jáwọ́, ojú rẹ̀ ni yóò fi gbálẹ̀. Ọwọ́ yẹn gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì sítátà.

Ẹ̀yìn mágínẹ́ẹ̀tì, irin tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí láti pèsè iná, ló wà, ní apá òsì ẹ́ńjìnnì. Irin róbótó ni, wọ́n gbẹ́ àyè mẹ́ta sí inú rẹ̀. Àyè kọ̀ọ̀kan fẹ̀ lápá kan, ó fún lápá kejì. Róólà kan jókòó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, sípíríńgì kékeré sì ń tì í síhà ibi tó fún. Àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọrùn jíà tí ṣéènì sítátà ń fà máa ń wọ̀. Bí jíà bá yí, yóò wọ́ àwọn róólà lọ síbi tó fún; wọ́n á há, wọ́n á dì í mú, ẹ́ńjìnnì á bá wọn yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá jí, tí eré rẹ̀ ju ti jíà lọ, àwọn róólà á sún padà síbi tó fẹ̀, ìdìmú á tú. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún wọn.

Ẹ sì wo ìdí tí títú náà fi ṣe pàtàkì. Sítátà máa ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ́ńjìnnì tó yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì yìí fúnra rẹ̀ sì lè yí tó ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan. Tí róólà bá kọ̀ tí kò tú, ẹni tí sítátà jí lójú oorun ni yóò wá fi eré pa á. Wáyà inú rẹ̀ á tú ká. Fífani nítan ya nìyẹn. Ti baba yìí ni òdìkejì: róólà kò há mọ́, ìbátan kò sí, ariwo lásán ló kù. Ìṣòro méjèèjì ti wà láti ìgbà tí Cadillac ti gbé sítátà oníná Charles Kettering jáde nínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Ṣáájú rẹ̀, irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀ láti fi yí ẹ́ńjìnnì, irin náà a sì máa ta padà ṣẹ́ni lọ́wọ́.

Rípíàrà kò fi sípánà bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bátìrì tí kò lágbára máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì ta padà, àwọn róólà ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó da ọ́ìlì sílẹ̀. Ó dúdú, ó ki bí ọ̀dà. Ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ lè lẹ sípíríńgì mọ́ ihò rẹ̀, pàápàá lówùúrọ̀ ọyẹ́. Nígbà tó kan mágínẹ́ẹ̀tì, ọmọṣẹ́ gbé òòlù, ọ̀gá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Orí ọ̀pá tó ṣóńṣó ni mágínẹ́ẹ̀tì há sí. Òòlù lè là á, púlà nìkan ló ń yọ ọ́. Ó yí bóòtù púlà díẹ̀, ó dúró, ó tún yí i. Kó! Ó bọ́, irin kékeré tó rí bí ìdajì òṣùpá, tí í dì í mú lójú kan, sì fò sínú iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo wa kúnlẹ̀, à ń wá a.

Síkúrúù mẹ́ta ló de kílọ́ọ̀ṣì náà. Méjì ti dẹ̀. Róólà kan ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sípíríńgì rẹ̀ sì ti kúrú. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá ọ̀pọ̀ rípíàrà jà. Wọ́n á fi ọwọ́ fa sípíríńgì gùn, wọ́n á dá a padà, wọ́n á gba owó. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Eléyìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka pa ọrùn jíà wò bóyá ó ti lá, torí pé róólà tuntun lórí ọrùn tó ti lá, owó àsọnù ni. Ó ṣì ń dán. Ó ránṣẹ́ sí Ìsẹ́yìn fún róólà mẹ́ta àti sípíríńgì mẹ́ta, ó fi wọ́n wé ti àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi pẹtiróòlù fọ ojú síkúrúù, ó fi gọ́ọ̀mù sí i kó tó dè é pinpin. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ yí jíà: síhà kan, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, síhà kejì, ó dúró gbọn-in.

Baba tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì jí, sítátà dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó pa á, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, rípíàrà na ọwọ́ sí i: "Baba, ẹ rọra o. Bátìrì."